Fáànù Ọkọ̀ Kì í Dédé Dákẹ́: Ohun tí Iṣẹ́ Réwáyà Fi Yé Mi ní Muṣin

Ọkọ̀ kan lè máa lọ geere lórí afárá Third Mainland, kí géèjì ooru rẹ̀ jókòó sí àárín láti Adékúnlé títí dé Adéníjì Adélé, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìdúmọ̀tà báyìí, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Bí ẹ bá ti rí èyí lára ọkọ̀ yín, ẹ ti mọ ìdajì ohun tó ń ṣe é. Lórí afárá, eré tí ọkọ̀ ń sá ló ń gbé atẹ́gùn gba ara rédíétọ̀ kọjá. Bí ọkọ̀ bá dúró, kò sí atẹ́gùn mọ́ àfi èyí tí fáànù bá fà. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń gbóná lórí ìdúró tó sì ń tutù lórí eré, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó ń gbóná lórí eré gan-an, ibòmíràn ni wàhálà tirẹ̀ sábà máa ń wà: rédíétọ̀ tó ti dí, wọ́tà-pọ́ńpù tí kò lè ti omi mọ́, tàbí tamọ́stáàtì tó há.

Iṣẹ́ réwáyà, ìyẹn iṣẹ́ iná ọkọ̀, ni mo ń ṣe ní Muṣin, kò jìnnà sí ọjà Ládípọ̀ tí gbogbo Èkó ti ń wá ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ni mo ti kọ́ ọ, tí kì í gbà kí ọmọṣẹ́ fọwọ́ kan wáyà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ ohun tó rò pé ó ṣẹlẹ̀. Bí o bá ní, "Ọ̀gá, fíúùsì ni," yóò bi ọ́ pé, "Kí lo rí?" Bí o kò bá tíì rí nǹkan kan, kí o yáa panu mọ́. Ìbéèrè yẹn ni èmi náà ń bi àwọn ọmọṣẹ́ mi lónìí, pàápàá bó bá di ọ̀rọ̀ fáànù, torí ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà nínú iṣẹ́ fáànù tó rọrùn débi pé ọ̀pọ̀ kì í wá àìsàn ọkọ̀ mọ́.

Dírẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà ẹ̀bùrú náà. Bí fáànù bá ti dákẹ́, wọ́n á fa wáyà kan láti ibi kọ́kọ́rọ́ tàbí láti orí bátìrì lọ sórí fáànù tààrà. Láti ìgbà tí ẹ bá ti tan ọkọ̀ ni fáànù á ti máa yí, kò sì ní sinmi àfi bí ẹ bá pa á. Ọkọ̀ kò gbóná mọ́ lọ́jọ́ náà, inú oníbàárà dùn, ó sanwó, ó lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa lápálàpá. Ohun tó mú fáànù dákẹ́ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì ti dá tuntun kún un.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé tuntun yẹn, torí ó ń dùn mí. Fáànù ọkọ̀ kékeré lè fa iná tó tó áńpíà 10 sí 20 bó bá ń yí, nígbà tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, ó máa ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi fún un ní wáyà tó sanra, fíúùsì tirẹ̀ tó sábà máa ń jẹ́ 30 tàbí 40, àti rílè tirẹ̀, ìyẹn sọ́wíìsì tí iná kékeré fi ń ṣí ọ̀nà fún iná ńlá. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fà wá láti ibi kọ́kọ́rọ́ kò lágbára ẹrù yẹn. Á gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ á rọ̀, á sì yọ́. Ojú irin inú ìgíníṣọ̀n tí wọ́n ti fa iná náà á máa jó díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ ò fi ní fẹ́ tan mọ́ láàárọ̀. Bí kò bá wá sí fíúùsì kankan lórí wáyà náà, tó lọ fara kan irin níbi kan, iná lè sọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ti tú irú wáyà bẹ́ẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ tí ìdílé kan ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé lójoojúmọ́. Rọ́bà rẹ̀ ti yọ́ lẹ̀ mọ́ hóòsì òkè rédíétọ̀. Bàbá àwọn ọmọ náà dúró, ó ń wò ó, kò lè sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ náà kò gbóná rí látìgbà tí wọ́n ti dírẹ́ẹ̀tì ẹ̀, lójú tirẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ yá.

Àwọn mìíràn á fi sọ́wíìsì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì, pé kí awakọ̀ máa tan fáànù fúnra rẹ̀. Ó sàn díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ bí wọ́n bá fi rílè àti fíúùsì sí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá yá àbúrò yín ní ọkọ̀ náà, tí kò sì mọ̀ nípa sọ́wíìsì, ọjọ́ yẹn ni ẹ́ńjìnnì máa hó. Orí ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí, tí mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù sìlíńdà, alumíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe é. Bó bá gbóná kọjá ààlà lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè tẹ̀, kí gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ sì já. Owó rílè ò tó nǹkan kan lára owó ìyẹn.

Bí fáànù ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an kò le láti mọ̀. Omi inú ẹ́ńjìnnì ló ń gbé ooru lọ sínú rédíétọ̀. Tamọ́stáàtì ni ẹnu ọ̀nà tí omi náà ń gbà kọjá. Ní nǹkan bí 82 sí 95 °C ni ó máa ń ṣí, bí irú ọkọ̀ bá ṣe rí. Bí omi bá tún gbóná jù bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ọkọ̀ láàárín 93 sí 105 °C, sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú omi náà á fi tó bréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, létí, bréènì bọ́ọ̀sì á fi iná kékeré jí rílè, rílè á wá ṣí ọ̀nà fún iná ńlá láti orí bátìrì lọ sórí fáànù. Bí omi bá ti tutù díẹ̀, fáànù á dúró. Ṣé ẹ rí i pé fáànù fúnra rẹ̀ ló wà lẹ́yìn pátápátá nínú ìlà yẹn? Síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ìdí sì nìyẹn tí mo fi máa ń bi oníbàárà ní ìbéèrè kan kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì: bí ẹ bá tan éésì, ṣé fáànù máa ń yí? Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, éésì ní ọ̀nà tirẹ̀ láti pe fáànù, kò nílò kí omi gbóná. Àǹtí kan tó ń ti Ọ̀gbà lọ síbi iṣẹ́ ní Marina gbé Camry rẹ̀ wá. Wọ́n ti pààrọ̀ fáànù fún un, wọ́n tún ti pààrọ̀ rílè, ọkọ̀ ṣì ń gbóná. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ẹ ṣáà bá mi dírẹ́ẹ̀tì ẹ̀," ó ní. "Gbogbo ènìyàn ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é."

"Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Bí ẹ bá tan éésì ńkọ́?"

"Á yí! Ìyẹn ni mo fi ń ṣẹ̀tàn ẹ̀. Bí mo bá ti dé Apọ́ngbọ̀n ni mo máa ń tan éésì, kódà bí òjò bá ń rọ̀."

Ìdáhùn rẹ̀ ti gé iṣẹ́ náà kù. Bí éésì bá lè mú fáànù yí dáadáa, a jẹ́ pé mọ́tò fáànù wà láyé, fíúùsì rẹ̀ wà níbẹ̀, áàtì rẹ̀, ìyẹn wáyà tó dè é mọ́ irin ara ọkọ̀, dára. Apá ooru ló kù: omi, sẹ́ńsọ̀, àti wáyà tó so sẹ́ńsọ̀ mọ́ bréènì bọ́ọ̀sì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù pátápátá, mo ṣí ọmọrí rédíétọ̀. Kò sí omi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kún dé ojú ìlà, ike yìí ni Àǹtí sì ń wò láràárọ̀ tó fi ń sọ pé omi wà.

Ohun tó fà á rèé. Bí omi bá gbóná, ó máa ń wú, á ti ọmọrí rédíétọ̀ lọ sínú ike. Bó bá tutù, ọmọrí náà ní fálùfù kékeré kan tó ń jẹ́ kí rédíétọ̀ fa omi rẹ̀ padà. Fálùfù yẹn ti kú. Hóòsì òkè náà ní ibi tó là díẹ̀ lábẹ́ kílíìpù, tó fi jẹ́ pé dípò kí rédíétọ̀ fa omi láti inú ike, atẹ́gùn ló ń fà. Omi wá ń lọ sílẹ̀, sẹ́ńsọ̀ sì bọ́ sínú atẹ́gùn. Sẹ́ńsọ̀ tí kò sí nínú omi kò lè mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń jóná, kò sì ní pe fáànù. Ìdí nìyẹn tí géèjì fi máa ń jókòó jẹ́ẹ́ nígbà mìíràn, tí ẹ́ńjìnnì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. A pààrọ̀ hóòsì, a ra ọmọrí tuntun, a da kúláǹtì, ìyẹn omi oògùn tí wọ́n ń pò fún rédíétọ̀, sí i, a sì jẹ́ kí atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde kí a tó ti ọmọrí. Fáànù yí fúnra rẹ̀ láìtan éésì. Àwọn fáànù tí wọ́n ti pààrọ̀ tẹ́lẹ̀ yẹn, kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Láti ọ̀dọ̀ irú ọkọ̀ báyìí ni mo ti gbà pé omi ni kí a kọ́kọ́ wò, kí a wò ó nínú rédíétọ̀ fúnra rẹ̀, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tutù. Ọmọrí yẹn kì í ṣe ìdérí lásán o. Omi inú ìkòkò tí kò ní ìdérí máa ń hó ní 100 °C. Ọmọrí tó lè há agbára nǹkan bí 16 psi mọ́lẹ̀ máa ń gbé ìhó yẹn lọ sókè dé nǹkan bí 120 °C tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Bí sípíríìnì inú rẹ̀ bá ti rọ̀, omi á máa hó jáde nígbà tí fáànù ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ pé pérépéré.

Bí omi bá pé, tí fáànù ò sì yí, sẹ́ńsọ̀ ló kàn. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, ẹ tan ọkọ̀, kí ẹ fa ẹnu wáyà sẹ́ńsọ̀ náà yọ. Bréènì bọ́ọ̀sì á rí i pé òun kò gbọ́ ohùn sẹ́ńsọ̀ mọ́, á sì pe fáànù láti dáàbò bo ẹ́ńjìnnì. Bí fáànù bá yí, gbogbo ọ̀nà láti bréènì bọ́ọ̀sì dé fáànù dára, sẹ́ńsọ̀ tàbí ẹnu wáyà rẹ̀ ló ní ẹjọ́ láti jẹ́. Iná ẹ́ńjìnnì lè tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà náà, síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀, á sì kọ P0118, ìyẹn àmì àṣìṣe sẹ́ńsọ̀ ooru omi, tàbí èyí tó jọ ọ́. Ẹ fi síkánà pa á rẹ́ tí ẹ bá parí. Honda àtijọ́ yàtọ̀. Sọ́wíìsì ooru tó ní ẹnu wáyà méjì ni wọ́n lò fún fáànù, bí ẹ bá yọ ọ́ fáànù kò ní yí. Ẹ ní láti so ẹnu méjèèjì pọ̀ kí ó tó yí. Mo ti rí ẹni tó yọ ti Honda, tí fáànù ò yí, tó sì sọ fún oníbàárà pé bréènì bọ́ọ̀sì ti jó. Bréènì bọ́ọ̀sì! Ẹ ronú sí owó tí ìyẹn ì bá ná ẹni ẹlẹ́ni.

Mítà lè jẹ́rìí sí sẹ́ńsọ̀ bí ẹ bá ní in. Bí ooru bá ṣe ń lọ sókè ni iye tó ń kọ ń lọ sílẹ̀: nǹkan bíi kílóóòmù 2 sí 3 ní 20 °C, nǹkan bí 0.3 ní 80 °C lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Fi sẹ́ńsọ̀ sínú omi gbígbóná nínú kọ́ọ̀pù, kí o máa wo mítà. Bí kò bá mira, ó ti kú.

Fíúùsì àti rílè kò gba àlàyé púpọ̀, àmọ́ àwọn méjèèjì máa ń tan ojú jẹ. Fíúùsì ńlá tó ní gíláàsì lórí lè là tín-ín-rín nínú, kí ojú ẹ máa rí i bí ẹni pé ó pé. Tẹ́sítà ni kí ẹ fi kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Bó bá sì ti jó lóòótọ́, ẹ bi ara yín pé kí ló jó o. Mọ́tò tó ti ń wúwo láti yí máa ń fa iná jù. Ẹni tó bá fi fíúùsì 60 rọ́pò 40, tàbí tó fi wáyà di ẹnu méjèèjì pọ̀, ó ti sọ wáyà ọkọ̀ di fíúùsì, wáyà náà ló sì máa jó nígbà tó bá yá. Ní ti rílè, bí ẹ bá gbọ́ tó dún "ká" tí fáànù ò sì yí, ẹ má rò pé rílè ti yege. Dídún yẹn ń sọ pé apá kékeré inú rẹ̀ gbọ́ àṣẹ; kò sọ pé ojú irin tó ń gbé iná ńlá ṣì dára. Nínú àpótí fíúùsì, rílè fèrè sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti fáànù. Ẹ wo nọ́ńbà ara wọn, bó bá dọ́gba, ẹ pààrọ̀ wọn síra. Bí fáànù bá wá yí tí fèrè ò dún mọ́, ẹ ti rí ọ̀daràn.

Mọ́tò fáànù ló kàn. Kí ẹnikẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, kí ó yọ orí bátìrì. Fáànù ọkọ̀ mìíràn lè gbéra nígbà tí a ti pa ọkọ̀ pàápàá, bí ooru bá ṣì wà, abẹ́ rẹ̀ sì lè gé ìka. Fi ọwọ́ yí i: ó yẹ kó yí wẹ́rẹ́, kó má há, kó má mì. Bó bá mì, búùṣì rẹ̀ ti jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fa wáyà tó ní fíúùsì láti orí bátìrì lọ síbẹ̀, fún ìdánwò lásán. Bí kò bá yí, ẹ fi ìdí sukurudíráfà gbá ẹ̀yìn mọ́tò jẹ́jẹ́. Bó bá gbéra lẹ́yìn tí ẹ gbá a, kábọ̀n inú rẹ̀, èyí tó ń gbé iná wọ ibi tó ń yí nínú mọ́tò, ti tán. Á ṣiṣẹ́ lónìí, á kọ̀ lọ́la, á sì tún ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ réwáyà. Irú èyí ló ń mú kí oníbàárà àti réwáyà máa wo ara wọn bí òpùrọ́.

Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, ẹ má gbà kí wọ́n kàn fọwọ́ kan bátìrì kí fáànù yí díẹ̀ kí wọ́n ní ó ti tán. Ẹ jẹ́ kó yí títí tí ẹ ó fi gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. Ẹ gbé ti àtijọ́ dání, kí ẹ fi abẹ́ wé abẹ́, kí ẹ fi ẹnu wáyà wé ẹnu wáyà. Ẹ̀gbọ́n kan ra fáànù Corolla, ẹnu wáyà rẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu, ẹni tó bá a fi í sí i gé wáyà náà, ó sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Fáànù náà ń ké bí ẹ̀rọ ọkọ̀ òfúrufú, ọkọ̀ sì ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo mú ìwé kékeré kan, mo fi í síwájú rédíétọ̀ nígbà tí fáànù ń yí. Ìwé náà fò sẹ́yìn wá bá mi lójú. Ó yẹ kí fáànù tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀ fa ìwé mọ́ra ni. Wọ́n ti gbé pósítíìfù sí ibi áàtì, fáànù wá ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná jáde síwájú, tó ń bá atẹ́gùn ojú ọ̀nà jà. Mo yí wáyà méjèèjì padà, ó tán. "Ṣé ìwé yìí nìkan ni?" ni Ẹ̀gbọ́n ń bi mí. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwé yẹn ni. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe ìdánwò náà nílé rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà nínú Toyota tó ní fáànù méjì, tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọṣẹ́ fi sọ́kàn. Nígbà tí ooru ò bá pọ̀, àwọn kan lára wọn máa ń so fáànù méjèèjì tẹ̀ léra, kí iná tó gba inú ọ̀kan kọjá sí èkejì, kí àwọn méjèèjì lè yí jẹ́jẹ́. Rílè mẹ́ta ló ń tò ó. Bí mọ́tò kan bá kú nínú irú ètò yìí, èkejì náà á dákẹ́ nígbà tó yẹ kí wọ́n yí jẹ́jẹ́, ẹ ó sì rò pé méjèèjì ló ti bàjẹ́. Ẹ dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ kí ẹ tó ná owó méjì.

Áàtì ń pa ọkọ̀ lára ní Èkó ju bí wọ́n ṣe ń sọ lọ. Ọkọ̀ tó ń wọ omi àgbàrá nígbà òjò, tàbí èyí tó ń sùn lẹ́bàá òkun, irin ibi tí wọ́n de áàtì mọ́ máa ń dípẹtà, ẹnu wáyà á sì di aláwọ̀ ewé. Fáànù á yí, ṣùgbọ́n kò ní lágbára. Fi mítà sáàárín wáyà dúdú fáànù àti orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gátíìfù nígbà tí fáànù ń yí. Bó bá ju fóòtì 0.5 lọ, ẹ tú áàtì náà, ẹ fi sáńpépà ha irin rẹ̀ mọ́, ẹ sì dè é padà. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti tamọ́stáàtì, torí òun àti dírẹ́ẹ̀tì ọmọ ìyá ni wọ́n. "Ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò ẹ̀," ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á sì yọ ọ́ sọnù. Ooru Èkó kì í sábà kọjá 35 °C. Ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ 90. Bí kò bá sí tamọ́stáàtì, pàápàá tí fáànù tún ń yí láìdúró, ẹ́ńjìnnì á máa tutù jù lórí eré, bréènì bọ́ọ̀sì á máa da epo kún epo bí ẹni pé àárọ̀ ni, síkánà á sì máa kọ P0128, ìyẹn pé ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó. Ẹni tó ń ráhùn pé ọkọ̀ òun ń mu epo, kó lọ wò ó bóyá tamọ́stáàtì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Omi tí ẹ ń bù síbẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀. Omi kànga ẹ̀rọ lọ́pọ̀ àdúgbò wa ní irin nínú, ó máa ń fi ìpẹtà sílẹ̀ nínú rédíétọ̀ títí ihò rẹ̀ á fi dí. Kúláǹtì tí a pò mọ́ omi mímọ́ ní ìdajì-ìdajì ló dára. Ẹ má fi í síbi tí ọmọdé tàbí ajá lè dé, ó máa ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni.

Àwọn bọ́ọ̀sì tí ẹ́ńjìnnì wọn gùn lọ sẹ́yìn bíi HiAce, bẹ́ẹ̀lítì ló ń yí fáànù tiwọn, pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì tó ní òróró nínú, tó ń so fáànù mọ́ ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ réwáyà kò sí níbẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì tó gbóná, kí ẹ fi ọwọ́ ti fáànù náà: bó bá yí lọ fàlàlà láìdúró, kílọ́ọ̀ṣì ti kú. Àwọn awakọ̀ dáńfó kan máa ń fi bóòtì dè é pa, ó máa ń tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n á máa jẹ agbára ẹ́ńjìnnì àti epo wọn lójoojúmọ́.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ pa éésì, ẹ tan hítà dé ìparí, ẹ ṣí fèrèsé. Hítà á fa ooru díẹ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ ó làágùn, ṣùgbọ́n ó lè gbé yín dé ibi tí ẹ ti lè dúró. Bí géèjì bá ń gùn ní Òwòròǹṣòkí, ẹ má gun afárá. Third Mainland gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11.8, kò sì sí ibi gidi tí èèyàn lè yà sí lórí rẹ̀; bí ọkọ̀ bá sì há ní òpin rẹ̀ ní Adéníjì, kò sí atẹ́gùn tó máa gbà yín. Ibi tí ẹ bá dúró sí, ẹ gbé C-caution sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má sì ṣí ọmọrí rédíétọ̀ rárá. Mo mọ ẹni tí èéfín rédíétọ̀ bó lójú àti lápá. Ẹ má sì da omi tútù sórí ẹ́ńjìnnì tó ń hó, ó lè là.

Tí réwáyà bá ní òun ti parí iṣẹ́, ẹ má gbé ọkọ̀ náà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní kí ó tan án, kí éésì wà ní pípa, kí ẹ jọ dúró títí fáànù á fi gbéra fúnra rẹ̀, tí á dúró fúnra rẹ̀, tí á sì tún gbéra. Kí ó wá tan éésì, kí ẹ fi ìwé wò ó bóyá ó ń fa atẹ́gùn sínú. Bí ẹ bá rí wáyà tí kì í ṣe ti ọkọ̀ náà láti ilẹ̀ wá, ẹ bi í léèrè ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ, kí ó sì fi fíúùsì rẹ̀ hàn yín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ ṣí ọmọrí rédíétọ̀, kí ẹ sì wo ibi tí omi dé.